Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìjà àwọn tó ń tẹ ìwé eré

Ní ọdún 2011, nínú ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì mi ní Under G, níbi tí kò jìnnà sí ẹnubodè LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sọ ọ̀rọ̀ kan níwájú ènìyàn mẹ́rin, òun ló sì fà á tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan kò fi jọ jókòó sídìí tábìlì kan náà fún ọdún méjì gbáko. Mo ní ẹ̀dà kẹrin Dungeons & Dragons kì í ṣe eré rárá, mo ní àwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde ti ba ohun tó dára jẹ́ nítorí owó, mo sì ní ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ kò mọ ohun tí eré ń jẹ́. Ọ̀rẹ́ mi náà, tí gbogbo wa ń pè ní Akọ̀wé nítorí pé òun ló máa ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú eré wa sílẹ̀, gbójú sókè láti inú ìwé rẹ̀, ó sì bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti ṣe é?" N kò ṣe é rí. Ojú ewé bíi mẹ́wàá péré ni mo kà nínú rẹ̀, ìyókù jẹ́ ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn tó kórìíra rẹ̀. Dípò kí n jẹ́wọ́, ńṣe ni mo jágbe mọ́ ọn.

Ẹni tí kò bá mọ irú eré tí mo ń sọ, kó fojú inú wo ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún tó jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan nínú wọn ló mọ ìlú, igbó, ọ̀tá àti àṣírí tó wà nínú ìtàn. Àwa máa ń pe ẹni náà ní apàlọ́. Olúkúlùkù àwọn yòókù ní ẹ̀dá ìtàn kan tó ń gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ ọdẹ, jagunjagun, oníṣègùn tàbí olè. Bí ẹnìkan bá ní ẹ̀dá ìtàn òun fẹ́ fo odò, yóò da dáìsì olójú ogún, yóò ro iye tó bá já sí mọ́ agbára ẹ̀dá náà, òfin inú ìwé ni yóò sì sọ bóyá ó fò ó kọjá tàbí omi gbé e lọ. Ní tiwa, "Ààlọ́ o!" la fi ń bẹ̀rẹ̀, tí àwọn yòókù yóò dáhùn pé "Ààlọ̀!", ìtàn tí a sì ṣe jù lọ ni ti Ògúnlọlá ọdẹ, ẹni tó bẹ́ orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tó ń da àwọn ará Ọ̀yọ́ láàmú, tó sì gbé orí náà lọ fún Aláàfin. Gbogbo ọmọ Ajílété ló ti gbọ́ ìtàn yìí kí wọ́n tó mọ ìwé kà, nítorí náà kò sí ẹni tí a ní láti ṣàlàyé ìlú tàbí ọ̀tá fún.

Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ló fi ìwé àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún mi nígbà tó wá kí wa ní ọdún 2006. Ìwé àwọn òṣèré fún ẹ̀dà 3.5 ni, èyí tó jáde ní 2003. Ìwé kan ṣoṣo fún ènìyàn márùn-ún kò lè tó, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́kọ́ mọ̀ pé Wizards of the Coast, tó ni eré náà, ti fi gbogbo gbòǹgbò òfin rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2000, lábẹ́ ìwé àṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní Open Game License. Ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́, ó lè kọ tirẹ̀ lé e lórí, ó sì lè tà á, bó bá ṣáà ti tẹ ìwé àṣẹ náà ní odindi mọ́ ọn. Ẹni tó bá ń ṣe fọ́tòkọ́pì jẹun yóò mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí lára mi. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé ìwé tí olówó rẹ̀ kò fọwọ́ sí kí a dà kọ wá bá mi. Ti eléyìí nìkan ni olówó rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní kí n tẹ̀. Mo tẹ ẹyọ márùn-ún, mo fi wáyà dì wọ́n, mo pín wọn kiri tábìlì.

Kí n tó sọ bí ìjà ṣe dé, ó yẹ kí n sọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá, nítorí pé n kò mọ̀ ọ́n dáadáa nígbà tí mo ń jà á. Gary Gygax àti Dave Arneson ló kọ Dungeons & Dragons, ilé-iṣẹ́ TSR ní ìlú Lake Geneva sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1974. Ọdún kan péré lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ mìíràn ti gbé Tunnels & Trolls jáde, tí ẹni tó kọ ọ́ ní òun fẹ́ ohun tí kò nira tó ti àkọ́kọ́. Ìfigagbága ti wà nídìí iṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àríwísí ẹni tí ìwé kan kò tẹ́ lọ́rùn ló máa ń bí ìwé tó tẹ̀ lé e. Wizards ra TSR ní 1997, Hasbro sì ra Wizards ní 1999. Lẹ́yìn èyí ni ilé-iṣẹ́ Paizo dé ní 2002, tó gba àṣẹ lọ́wọ́ Wizards láti máa tẹ ìwé ìròyìn Dragon àti Dungeon. Ní 2007, Wizards kò sọ àṣẹ náà dọ̀tun. Nígbà tó di 2008, wọ́n gbé ẹ̀dà kẹrin jáde pẹ̀lú ìwé àṣẹ tuntun tó le ju ti àtijọ́ lọ, Paizo sì ní àwọn kò ní í tẹ̀ lé wọn. Wọ́n mú òfin 3.5, èyí tí ìwé àṣẹ àtijọ́ ṣì jẹ́ kó wà lọ́wọ́ gbogbo ayé, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ní kí àwọn olólùfẹ́ eré wá dán an wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, wọ́n gbé e jáde pẹ̀lú orúkọ Pathfinder.

Èmi fẹ́ràn ẹ̀dà 3.5, mo sì ti ná owó bébà àti owó yíǹkì lé e lórí, nítorí náà mo di ọmọ ẹ̀yìn Paizo láìsí ẹni tó rán mi. Ìrònú mi nígbà náà ni pé Paizo ni ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ, tó sì dìde, Wizards sì ni olówó tó gbàgbé ẹni tó sọ ọ́ di olówó. Ìtàn tó dùn ún pa ni. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò ní í ṣe pẹ̀lú bóyá ẹ̀dà kẹrin dùn ún ṣe tàbí kò dùn ún ṣe, síbẹ̀ òun ni mo fi dá ẹjọ́ ìwé náà. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkan náà tán.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Akọ̀wé kò wá. Ó ti dá tábìlì tirẹ̀ sílẹ̀ nílé wọn ní Tákìé, ẹ̀dà kẹrin ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, méjì nínú àwa márùn-ún sì bá a lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ló fi dáìsì olójú ogún tí mo fún un ní ọjọ́ ìbí rẹ̀ rán Sísí Táílọ̀ sí mi. Ó wé e sínú ọ̀rá píọ̀wọ́tà, ó ta á ní kókó méjì. Sísí Táílọ̀ ní kò fi ọ̀rọ̀ kankan rán òun. Mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀ níbi tí mo ń kó pín-ìn-ní sí, ìgbàkígbà tí mo bá sì fẹ́ mú pín-ìn-ní ni mo máa ń rí i.

Sísí Táílọ̀ yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ díẹ̀, nítorí òun ló tún ohun tí mo bàjẹ́ ṣe. Aránṣọ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi, òun nìkan ló sì ń lọ sídìí tábìlì méjèèjì láìka ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ sí. Ní ọdún 2013, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ fi ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta péré tọrọ fún mi. Ẹ má ṣe apàlọ́, ẹ wá jókòó bíi tiwa." Ojú tì mí láti kọ̀ fún un, nítorí pé kò bẹ̀ mí ní ohunkóhun rí. Mo lọ sí Tákìé. Akọ̀wé kí mi bó ṣe yẹ kí ọmọdé kí àgbà, ó gbé àga fún mi, kò sì mẹ́nu kan ohun tó ti kọjá.

Ìrọ̀lẹ́ kẹta ni mo rántí jù. Ògúnlọlá àti àwọn tó tẹ̀ lé e ti ká Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ mọ́ ibi tó sá pamọ́ sí. Nídìí tábìlì tèmi, jagunjagun ni Sísí Táílọ̀ máa ń ṣe, gbogbo ohun tó sì máa ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìjà dé òpin kò ju "Mo ṣá a" lọ, nítorí pé òfin 3.5 kò fún jagunjagun ní ohun púpọ̀ ju pé kó ṣá ọ̀tá, nígbà tó jẹ́ pé olóògùn tó bá ti dàgbà nínú eré lè fi ọfọ̀ kan ṣoṣo parí ìjà náà. Mo ti rò pé onítìjú ni. Ní Tákìé, ẹ̀dà kẹrin fún jagunjagun rẹ̀ ní agbára láti fi àmì sí ọ̀tá: bí ọ̀tá náà bá kọjú sí ẹlòmíràn, ọwọ́ rẹ̀ kò ní í gún bíi ti tẹ́lẹ̀, jagunjagun yóò sì rí àyè ṣá a. Sísí Táílọ̀ dìde dúró. Ó fi ìka tọ́ ibi tí a to òkúta wẹ́wẹ́ sí lórí tábìlì, ó ń sọ ibi tí oníṣègùn yóò sá sí, ó ń sọ ẹni tí yóò gba ẹ̀yìn lọ, ó sì ní Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ kò ní í kọjá òun lọ bá ẹnikẹ́ni. Ọdún márùn-ún ni mo fi bá a ṣeré, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Àmọ́ ìjà kan ṣoṣo yẹn gbà wá láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ di aago mẹ́jọ alẹ́. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, a tan tọ́ọ̀ṣì fóònù lé orí tábìlì, Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ kò sì tíì kú. Ó tó àkókò kan tí apàlọ́ gan-an kò pa ìtàn mọ́, tó jẹ́ pé iye ẹ̀mí tó kù fún ọ̀tá nìkan ló ń kà. Èyí náà jẹ́ òótọ́ nípa ẹ̀dà kẹrin, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ṣàríwísí rẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí mo sì ń tún un sọ tẹ́lẹ̀ láìmọ ohun tí mo ń sọ. Nísinsìnyí mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ ibi tó ti ń dun ènìyàn, mo sì mọ ohun tí ènìyàn yóò pàdánù bó bá sọ ìwé náà nù nítorí rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú bébà kan, èyí tó dára àti èyí tí kò dára, pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nídìí tábìlì. Mo kọ ọ́ fún Pathfinder tèmi náà pé àfikún wẹ́wẹ́ tí a ń rò mọ́ iye dáìsì ti pọ̀ jù, méjì níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, débi pé a máa ń gbàgbé ìdajì rẹ̀, a sì máa ń padà sẹ́yìn láti tún ìṣirò ṣe. N kò tíì kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nípa ìwé tí mo fẹ́ràn rí. Lọ́jọ́ kejì mo gbé bébà náà lọ bá Akọ̀wé, mo tọrọ àforíjì, mo sì dá dáìsì rẹ̀ padà fún un nínú ọ̀rá tó wé e sí. Ó ka bébà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá sọ èyí lọ́jọ́ náà, à bá ti jọ jiyàn lórí rẹ̀, inú mi ì bá sì dùn."

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo bí àwọn tó ń tẹ ìwé eré ṣe ń gba àríwísí. Nígbà tí Wizards fẹ́ ṣe ẹ̀dà karùn-ún, wọ́n gbé òfin rẹ̀ síta láti 2012 kí gbogbo ayé dán an wò, gẹ́gẹ́ bí Paizo ti ṣe ṣáájú wọn. Nínú ìwé tó jáde ní 2014, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn tó bá wọn dán an wò lé ní 175,000. Ohun tí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ni ohun tí Akọ̀wé bi mí ní 2011. Mo gbà pé bí Paizo kò bá gbé Pathfinder dìde, Wizards kì bá tí fi bẹ́ẹ̀ tẹ́tí sí ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí n kò fi kórìíra ìfigagbága láàárín ilé-iṣẹ́. Ohun tí mo kórìíra ni kí a máa gbé ìjà wọn wọ ilé wa, kí a máa fi ọ̀rẹ́ san gbèsè tí wọn kò jẹ wá.

Ní 2017, mo kọ ìwé pélébé kan ní èdè Yorùbá, ojú ewé 24, lórí ìtàn Ògúnlọlá, kí àwọn ọmọ ilé-ìwé lè fi ìrọ̀lẹ́ kan ṣe é tán. Òfin ẹ̀dà karùn-ún ni mo lò. Wizards ti fi gbòǹgbò rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ìwé àṣẹ àtijọ́ ní 2016, mo sì tẹ ìwé àṣẹ náà sẹ́yìn ìwé mi bí wọ́n ṣe ní kí a ṣe. Mo tẹ ọgọ́ta ẹyọ, wọ́n tán, mo tún tẹ òmíràn.

Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2023, ìròyìn jáde pé Wizards fẹ́ fi ìwé àṣẹ tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Ẹni tó bá pa ju dọ́là 750,000 lọ lọ́dún yóò máa san tó ìdá 25 nínú 100 lórí èyí tó bá lé, Wizards yóò lè lo ohun tí ènìyàn bá kọ bó ṣe wù wọ́n, wọ́n sì lè yí àdéhùn náà padà bí wọ́n bá ti fi ọgbọ̀n ọjọ́ kéde. Owó yẹn kò kàn mí. Ohun tó kàn mí ni pé wọ́n fẹ́ sọ pé ìwé àṣẹ àtijọ́ kò ní àṣẹ mọ́. Mo ṣí ẹ̀yìn ìwé mi, mo wo abala kẹsàn-án ìwé àṣẹ náà, níbi tó ti sọ pé ènìyàn lè lo ẹ̀dà ìwé àṣẹ náà èyíkéyìí tí a bá fún ní àṣẹ. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń tẹ gbólóhùn yẹn láìrò ó wò pé ẹni tó ń fúnni ní àṣẹ lè wá ní òun gbà á padà.

Inú bí mi gidigidi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fagi lé owó oṣooṣù tí wọ́n ń san fún Wizards. Ní ọjọ́ 12 oṣù náà, Paizo kéde pé àwọn àti àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn, tó fi mọ́ Kobold Press àti Chaosium, yóò ṣe ìwé àṣẹ tí ilé-iṣẹ́ kankan kò ní í ni, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní ORC. Paizo tún sọ pé ìwé tí àwọn rò pé àwọn yóò tà fún oṣù mẹ́jọ ni àwọn tà tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó wù mí kí n tún sá padà sábẹ́ àsíá Paizo bíi ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n mo rántí pé ní oṣù kẹwàá ọdún 2021 ni àwọn òṣìṣẹ́ Paizo fúnra wọn dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀, nítorí pé owó oṣù àti bí wọ́n ṣe ń ṣe sí wọn kò tẹ́ wọn lọ́rùn; nígbà tí ìròyìn náà jáde, n kò fẹ́ gbọ́ ọ, torí pé Paizo ni. Ilé-iṣẹ́ náà gbà láti bá ẹgbẹ́ náà ṣiṣẹ́, èyí sì dára, àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ló kọ́kọ́ ní láti sọ̀rọ̀ síta.

Nígbà tí Wizards gbé àkọsílẹ̀ mìíràn jáde fún ìwé àṣẹ tuntun náà tí wọ́n sì ní kí àwọn ènìyàn sọ èrò wọn, mo jókòó láti dá wọn lóhùn. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ jẹ́ èébú láti òkè dé ilẹ̀. Mo fi han Akọ̀wé. Ó ní èébú kò sọ ohun tó ń dùn mí fún wọn, àti pé ẹni tí yóò kà á lè jẹ́ ọmọ iṣẹ́ tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ náà. Nítorí náà mo tún un kọ. Mo ní mo ní ìwé pélébé kan tó wà nínú báàgì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo ní ìlérí wọn wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì bi wọ́n pé kí ni kí n sọ fún ẹni tó bá fẹ́ ra òmíràn lọ́la. Mo dárúkọ abala kẹsàn-án, mo sì dúró níbẹ̀. Àwọn tó dáhùn lé ní 15,000, ìdá 88 nínú 100 wọn ló sì ní àwọn kò ní í tẹ ìwé lábẹ́ àkọsílẹ̀ náà. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní, Wizards kéde pé àwọn fi ìwé àṣẹ àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n sì tún fi òfin ẹ̀dà karùn-ún tí a ń lò sábẹ́ Creative Commons, ìwé àṣẹ ọ̀fẹ́ mìíràn tí kì í ṣe tiwọn, èyí tí wọn kò lè gbà padà.

Nígbà tí mo fẹ́ tún ìwé náà tẹ̀ lọ́dún yẹn, mo yọ ìwé àṣẹ gígùn náà kúrò, mo fi ìlà díẹ̀ tí Creative Commons ń fẹ́ rọ́pò rẹ̀, mo sì kọ àlàyé kúkúrú ní Yorùbá sábẹ́ rẹ̀ kí àwọn ọmọ lè mọ̀ pé àwọn náà lè kọ tiwọn lé e lórí. Mo ti tẹ ọgọ́ta ẹyọ kí Akọ̀wé tó kà á. Ó fi bírò tọ́ ibi kan fún mi: mo ti kọ "asẹ́" síbi tó yẹ kí n kọ "àṣẹ". Sísí Táílọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sọdá wá bá wa, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jókòó ti ìwé náà títí ilẹ̀ fi ṣú, a ń fi bírò tún un ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan.